Ọ̀pá Méjì Tó Jọra

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni lọ́yà fi sọ ohun tó yẹ kó fi ìṣẹ́jú méje sọ. Ìkíni nìkan gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo wo aago. Nígbà tí ọ̀rọ̀ jáde tán, kókó mẹ́ta péré ni. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ni ẹjọ́ àbúrò mi máa bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ní àìkíyèsára rẹ̀ nínú bàálù tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ wà ló pa ènìyàn mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ó lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún méje.

Mo ní, "Kí la máa ṣe láti òní títí di ọjọ́ yẹn?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, Mádàámù. Ẹjọ́ kì í ṣe ẹrù tí ẹ ń kó sínú lọ́rì."

Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹrù tí ilé iṣẹ́ mi ń kó kì í dúró sójú kan títí á fi bàjẹ́. Mo gbé e mì. Láti òní lọ, Lọ́yà Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí.

Àbúrò mi kò bá mi lọ. Ó ní òun ò ní ohun tí òun fẹ́ bá lọ́yà sọ. Ọwọ́ òun ló fa ọ̀pá, òun á dìde ní kóòtù, òun á sọ bẹ́ẹ̀, ó parí. Ohun tí mo ní láti ṣètò nìyí: ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lọ́yà tí kì í sáré, àti ẹni tó ń jẹ́jọ́ tó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi kí adájọ́ tó jókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kejì

Mo ka ìwé àbájáde ìwádìí ìjàǹbá náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàálù gbéra. Ọ̀gá awakọ̀ ní, "Gbé táyà sókè." Àbúrò mi tó jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀ nawọ́, ó fa ọ̀pá. Ọ̀pá ìyẹ́ ló fà. Ohun tó ń gún jáde lẹ́yìn ìyẹ́, tó máa ń gbé bàálù dúró nígbà tí kò tíì sáré tó, wọlé padà, bàálù sì rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn, sínú oko tó wà lẹ́yìn pápá. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kú, èrò mẹ́jọ kú. Àwọn tó jáde láàyè jẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta, àbúrò mi wà lára wọn, pẹ̀lú itan tó dá sí méjì.

Àwòrán wà lójú ìwé kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Ọ̀pá ìyẹ́ àti ọ̀pá táyà rèé, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gígùn kan náà, orí dúdú roboto kan náà. Àlàfo ìka mẹ́ta kò sí láàrin wọn. Lẹ́yìn ojú ìwé méjì, wọ́n wá kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ pé nínú bàálù àtijọ́ tí àbúrò mi fi ọdún mẹ́fà wà, ọ̀pá táyà ló wà lósì. Nínú ti tuntun, òun ló wà lọ́tùn-ún. Ọjọ́ méjì ni ilé iṣẹ́ fi kọ́ wọn ní tuntun.

Bí òṣìṣẹ́ mi kan bá to ásíìdì àti omi mímu sínú kẹ́ẹ̀gì kan náà lórí pẹpẹ kan náà, tí ẹnì kan sì mu ún, ta ni màá kọ́kọ́ pè sí ọ́fíìsì? Kì í ṣe ẹni tó mu ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kejì

Mo gbé àwòrán náà lọ bá àbúrò mi ní yàrá òkè ilé wa, ibi tó wà láti ìgbà tó ti kúrò ní ọsibítù. Kò wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀."

"Tóò, sọ fún adájọ́ bó ṣe rí."

"Awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń wo ibi tó ń nawọ́ sí. Mi ò wò. Ènìyàn mẹ́sàn-án."

Mo ní ká kọ ohun tí a ní àti ohun tí a ò ní sójú ìwé kan. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi mí ṣe iṣẹ́."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyá wa tó ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà ìjàǹbá ń ṣa ìrẹsì ní kíṣìnnì. Kò gbójú sókè. "O tún ti lọ tì í."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kejì

Òjò. Tírélà wa méjì há sójú ọ̀nà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹjọ́, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kejì

Mo gbé àwòrán àti ìwọ̀n lọ bá káfíńtà tó ń kan àpótí ìkẹ́rù fún wa. Mo ní kó kan àpótí kan fún mi, ọ̀pá méjì lójú rẹ̀, kí wọ́n ṣeé fà sókè sódò, kí wọ́n sì ṣeé pààrọ̀ ipò. Ó yí ìwé náà sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún.

"Mádàámù, èwo ni èwo?"

"Ìbéèrè tó yẹ kí o bi ẹni tó ya á nìyẹn."

Ó ní ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta káfíńtà, ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Mo ti kọ ọ̀sẹ̀ kan sínú ètò mi.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kejì

Ọjọ́ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà mọ́.

Mo kó ogójì òṣìṣẹ́ jọ sí ilé ìkẹ́rùsí: awakọ̀ lọ́rì, alákòóso ẹrù, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì. Láàárọ̀, ọ̀pá táyà wà lósì. Kálukú fa á nígbà ogún títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n. Lọ́sàn-án, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Wọ́n tan rédíò sókè, ẹnì kan ń bi wọ́n ní orúkọ àwọn ọmọ wọn, akọ̀wé mi á kàn ké "Táyà!" tàbí "Ìyẹ́!" lójijì.

Mọ́kànlá nínú ogójì ló fa èyí tí kò yẹ, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ti wa tírélà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìfi ara kan ẹnikẹ́ni. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ọwọ́ àlejò. "Mádàámù, ẹni tó ṣe nǹkan yìí, ṣé òun náà ní ọwọ́?"

Èmi náà gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣì í. Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ojú mi, wọ́n fi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n rín in. Wọ́n rín in tán pátápátá.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kejì

Lọ́yà Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní kóòtù ò ní wo àpótí mi lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń jẹ́jọ́ ló ní kí wọ́n kàn án, òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló dán an wò, òun fúnra rẹ̀ ló ka èsì. Wọ́n á fi yín ṣe ẹ̀rín." Àmọ́ ó fà á, bí ẹni tí kò náání. Ó ṣì í. Ó tún fà á. Ó wá ní òun mọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì, ìmọ̀ bí ọwọ́ àti ojú ṣe ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ni tirẹ̀. Òun á pè é.

"Ìgbà wo?"

"Ní báyìí, Mádàámù." Ó pè é níwájú mi. Mo kọ wákàtí náà sílẹ̀ nítorí pé irú rẹ̀ lè má ṣẹlẹ̀ mọ́: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kejì

Mo gbé àpótí náà wá sí pálọ̀ wa, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó wá. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ó ṣì í ní ẹ̀ẹ̀kẹta. "Kíákíá," báyìí ló máa ń pè mí, "wàá kú ikú ìtìjú bí o bá wọ bàálù tèmi." Ìyá wa ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan tó pa ènìyàn.

Ẹ̀rín ọkọ mi ló mú àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀. A gbọ́ igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó dúró, ó wo àpótí náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó jókòó, ó di ojú, ó nawọ́. Ọwọ́ rẹ̀ bà lé orí ọ̀pá táyà. Kò fà á. Àtàńpàkò rẹ̀ ń yí ọrùn ọ̀pá náà ká, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀, bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì nínú òkùnkùn.

"Kí lò ń wá?"

Ó yọ ọwọ́ kíá. "Kò sí."

Ìyá wa ní, "Kí ni kò sí?"

Ó tún fi ìka kan ọrùn ọ̀pá náà. "Rọ́bà."

Ó wá sọ ọ́, kèlèkèlè. Gbogbo awakọ̀ wọn ló mọ̀ pé ọ̀pá méjèèjì ń tan ọwọ́ jẹ. Ọ̀gá rẹ̀, ẹni tó kú yìí, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà, irú èyí tí a fi ń di ẹnu ọ̀rá, so ọrùn ọ̀pá táyà, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n láìwò. Àwọn yòókù kọ́ ọ lára rẹ̀. Kò sí nínú ìwé ìtọ́ni. Ó lòdì sí òfin ilé iṣẹ́ pàápàá. Ó wá di ọjọ́ kan tí wọ́n débẹ̀ tí gbogbo rọ́bà ti pòórá. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun á mú òmíràn wá láti ilé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bàálù fi já.

Mo kígbe. N kò mọ̀ pé mo kígbe. "O mọ èyí láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn!"

"Ọ̀gá mi ti kú, Ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló rú òfin, òun ló fi rọ́bà sí i. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní òun ló kọ́ wa ní ìwàkuwà. Ṣé kí n gbé ẹjọ́ tèmi lọ bá a nínú sàréè?"

Ọkọ mi pa tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tó ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kejì

Mo ní màá lọ bá ìyàwó ọ̀gá àbúrò mi lónìí, kó gbà kí á sọ ti rọ́bà náà. Ìyá wa dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ? Kí o gbé ìwé àti bírò lọ síwájú opó? Èmi ni màá lọ."

"Ìgbà wo, Màámi?"

"Ìgbà tí mo bá lọ."

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Mo kọ ọ́ sára fíríìjì. Ó pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kejì

Ta ló máa mọ ọjọ́ tí rọ́bà pòórá? Kì í ṣe máníjà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ni. Àbúrò mi ní obìnrin kan ló ń tún inú àwọn bàálù ṣe, Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wọn ń pè é. Mo wá ilé rẹ̀ rí, yàrá kan lókè ilé ìránṣọ, ó mọ́ débi pé ojú tì mí láti fi bàtà wọlé.

Ó fún mi lómi. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni wọ́n ní kó yọ wọ́n. Àwọn aṣèbẹ̀wò ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe bàálù, ilé iṣẹ́ ò fẹ́ kí wọ́n rí rọ́bà àti tépù. "Ohun tí mo bá ṣe ni mò ń kọ. Ọ̀gá háńgà, ibi tí bàálù ń sùn, á sì bu ọwọ́ lù ú. Ìwé iṣẹ́ mi wà níbẹ̀."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dìde, kí n dúpẹ́, kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo ti mú àpò ìrẹsì kan dání. Mo sì sọ fún un pé bí wọ́n bá lé e níbi iṣẹ́, ààyè wà fún un lọ́dọ̀ mi. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo ìrẹsì náà, ó wò mí.

"Ẹ ṣeun, Mádàámù. Ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Agogo mẹ́rin ọ̀sán ni.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kejì

Mo ròyìn fún Lọ́yà Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí fóònù. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ó ti wà ní ọ́fíìsì mi. Kò kí mi. Ó fi ẹsẹ̀ rìn kọjá akọ̀wé mi bí afẹ́fẹ́.

"Ẹ gbé ìrẹsì lọ fún ẹlẹ́rìí? Ẹ fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́? Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ìṣòwò! Ṣé ẹ mọ ohun tí lọ́yà ìjọba máa pè é? Ó máa ní ẹ ra obìnrin náà. Àti pé bó bá sọ òtítọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ìrẹsì yín ni wọ́n á máa gbọ́."

Mo nawọ́ sí fóònù láti pe obìnrin náà.

"Láti òní lọ, ẹ má lọ síbì kankan. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó. Kóòtù ni yóò fi ìwé pè é, kì í ṣe ẹ̀yin."

Jókòó. Kò sí ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kejì

Ìrẹsì padà wá. Ẹnì kan gbé e jù sílẹ̀ ní géètì. Wọn ò tú okùn ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Wọ́n ní ìwé kóòtù ti dé ọwọ́ Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì. Wọn ò mọ̀ bóyá ó máa wá. Mo ní gbogbo nọ́ńbà tó yẹ kí n pè, n kò gbọdọ̀ pe ọ̀kan. Mo tún àwọn fáìlì ọ́fíìsì tò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ń sá fún mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Ìyá wa jí, ó wẹ̀, ó wọ bàtà, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ opó náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òní ni. Ìrọ̀lẹ́ ló padà dé.

"Kí lẹ sọ fún un?"

"A ṣa ẹ̀wà."

"Ẹ ṣa ẹ̀wà. Láti agogo mẹ́sàn-án?"

"Ẹ̀wà náà pọ̀." Ó bọ́ bàtà. "Ó ń bọ̀ lọ́la."

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Ó wá. Obìnrin gíga tó ń rọra sọ̀rọ̀. Àbúrò mi fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tòun ti itan tí kò tíì san. Obìnrin náà di apá rẹ̀ mú.

"Má jẹ́ kí n máa gbé ọ nílẹ̀. Jókòó. Wọ́n ní nítorí ọkọ mi lo ṣe pa ẹnu mọ́."

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀yin Màmá, wọ́n á ní òun ló rú òfin."

"Ó rú u. Nínú dúrọ́ọ̀ kíṣìnnì mi ló ti ń kó rọ́bà yẹn. Mo ń bá a jà, mo ní kí ni àgbàlagbà ń fi rọ́bà ṣe. Ó ní, 'Ọmọ kan wà lápá ọ̀tún mi, ọwọ́ rẹ̀ dáa, mi ò fẹ́ kí irin tan án jẹ.'" Ó wo àbúrò mi lójú. "Ìwọ lò ń gbé e pamọ́ bí ẹ̀ṣẹ̀. Èmi, ohun tó dára jù tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn. Sọ ọ́. Sọ ọ́ sókè."

Àbúrò mi sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́jọ. Mo dìde láti wá nǹkan ṣe, ìyá wa fi ojú sọ fún mi pé kí n padà jókòó. Mo jókòó.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Wọ́n bi àbúrò mi bóyá ó jẹ̀bi. Ó dìde lórí igi ìtìlẹ̀ rẹ̀. "Mi ò jẹ̀bi."

Akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀, èmi náà kọ ọ́.

Yàrá náà kéré, fáànù kan ń dún bí ẹni tó ń họ ìkòkò. Máníjà ilé iṣẹ́ bàálù búra, ó ní kò sí rọ́bà kankan nínú bàálù wọn rí. Rí! Ó sọ ọ́ láìṣẹ́jú. Lọ́yà Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò bá a jiyàn. Ó kàn ní kó tún un sọ kí akọ̀wé kóòtù lè kọ ọ́ dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹta

Akọ̀wé kóòtù ń ṣàìsàn. Wọ́n sún ẹjọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Akọ̀wé kan ṣoṣo, kò sí arọ́pò. Ta ló ń bójú tó ibẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Màá kọ èyí bó ṣe rí.

Ìyàwó ọ̀gá awakọ̀ jẹ́rìí láàárọ̀, ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ àti rọ́bà. Lọ́yà ìjọba ní opó ni, ó lè sọ ohunkóhun láti gbèjà ọkọ rẹ̀. Ní agogo méjìlá, wọ́n pe Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n tún pè é. Ìgbà kẹta ni ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wọ̀, ìwé gígùn kan wà lábẹ́ apá rẹ̀ tó fi ọ̀rá wé.

Lọ́yà wa ní kó ka ohun tó kọ nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Ó kà á bí ẹni tó ń ka Bíbélì: "Bàálù mẹ́fà. Gbálẹ̀, nu gíláàsì, yọ rọ́bà mẹ́fà lọ́rùn ọ̀pá. Ọ̀gá ní kí n jù ú nù." Orúkọ ọ̀gá háńgà rèé lábẹ́ rẹ̀, ìbuwọ́lùwé rẹ̀, ọjọ́, wákàtí. Máníjà tó búra bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú àpò rẹ̀.

Lọ́yà ìjọba dìde. Mo mọ ohun tó ń bọ̀.

"Ìyá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń jẹ́jọ́ wá sílé yín?"

"Ó wá."

"Ṣé ó gbé ìrẹsì wá?"

"Àpò kan. Ìrẹsì tó dáa ni."

Ẹ̀rín sọ nínú kóòtù. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

"Ó tún ṣèlérí iṣẹ́ fún yín?"

"Ó ṣe é. Ẹnu obìnrin yẹn yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò burú. Mo dá ìrẹsì rẹ̀ padà lọ́jọ́ kẹta. Sà, ẹ wo ìwé yìí. Oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni mo kọ ọ́. Mi ò tíì mọ obìnrin náà nígbà yẹn. Ọ̀gá mi ló bu ọwọ́ lù ú, kì í ṣe ìrẹsì."

Adájọ́ fi ìwé bo ẹnu rẹ̀. Lọ́yà ìjọba jókòó.

Nígbà tó ń jáde, mo dìde, mo kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó kọjá, ó ní, "Mádàámù, ẹ máa fara balẹ̀," ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà dé pẹ̀lú èsì tirẹ̀: ọgọ́rùn-ún awakọ̀ bàálù láti ilé iṣẹ́ mélòó kan, ìdánwò tó ju ti ilé ìkẹ́rùsí wa lọ fíìfíì. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ṣì í nígbà tí orí ọ̀pá jọra. Nígbà tó fún ọ̀kan ní orí tó rí bíi táyà, tó sì fún èkejì ní pẹlẹbẹ bí ìyẹ́, ẹyọ kan ló ṣì í. Lọ́yà ìjọba ní, "Ṣé kò yẹ kí wọ́n máa wò ni?" Ó ní, "Yẹ. Ojú wọn sì wà níta, níbi tí ilẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni a ní kí wọ́n máa wò." Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe bàálù: wọ́n ní òfin ìgbà tí wọ́n ṣe é kò ní kí orí ọ̀pá yàtọ̀. Lẹ́tà rírẹwà. Kò sí ìdáhùn kan nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Ìdájọ́ lọ́la. Mo pe ọkọ mi ní orúkọ awakọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Wọ́n dá a sílẹ̀.

Mo kọ ọ́ ṣáájú kí n lè rí i. Wọ́n dá a sílẹ̀.

Adájọ́ kà fún ogójì ìṣẹ́jú. Èyí tí mo kọ sẹ́yìn àpò ìwé rèé: "Ọwọ́ rẹ̀ ló fa ọ̀pá. Ẹnikẹ́ni kò jiyàn ìyẹn, òun gan-an kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n aláìkíyèsára ni ẹni tí kò ṣọ́ra bí àwọn olùṣọ́ra ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣọ́ra. Àwọn olùṣọ́ra ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé irin yìí ń tan ọwọ́ jẹ. Wọ́n fi àmì sí i. Ilé iṣẹ́ yọ àmì náà kí ilé lè mọ́ lójú àlejò, kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kò sì sọ fún àwọn awakọ̀." Ó ní kí wọ́n gbé ìdájọ́ náà fún àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, kí ilé iṣẹ́ àti àwọn tó ṣe bàálù lọ dá àwọn ẹbí tó ń ṣọ̀fọ̀ lóhùn nínú ẹjọ́ tiwọn. Bàálù márùn-ún tó kù ò gbọdọ̀ gbéra títí orí ọ̀pá wọn á fi yàtọ̀.

Àbúrò mi ò mira. Lọ́yà ní láti fọwọ́ kàn án. Ìyá wa tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa mọ́ ní, "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kó máa lọ sílé, Màámi."

"Mo sọ fún un pé kó jẹun kó tó jáde. Ebi á ti máa pa á."

Ẹ̀rín gbé mi, omi bọ́ lójú mi, n kò mọ èyí tó ṣáájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Lọ́yà. Mo ní mo ti ń ṣe àríwísí rẹ̀ nínú ìwé mi láti oṣù kejì. Ó ní, "Mo mọ̀, Mádàámù. Ẹ máa ń kọ ọ́ níwájú mi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹta

Oòrùn mú. Àbúrò mi ní òun fẹ́ gẹ irun. Láti ìgbà ìjàǹbá, ìyá wa ló ń fi sísọ́ọ̀sì gé e nílé, ó rí bí ọgbà tí ewúrẹ́ wọ̀. Mo fi mọ́tò gbé e lọ síbì kan tí a kò lọ rí, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Onígbàjámọ̀ yẹn kò lè dákẹ́. Ó sọ ti iná mànàmáná, ó sọ ti bọ́ọ̀lù, ó wá ní, "Ẹ rí i pé wọ́n dá awakọ̀ bàálù yẹn sílẹ̀ lánàá? Ẹ̀yin, kí lẹ rí sí i?"

Mo ti ń dìde láti dá sí i. Àbúrò mi gbé ọwọ́ sókè lábẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n dà bò ó.

Ó ní, "Èmi ni."

Ẹ̀rọ ìgẹrun náà ń dún lófìfo. Àwọn méjì tó ń retí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbójú kúrò lórí fóònù. Onígbàjámọ̀ wò ó nínú dígí fún ìgbà tó gùn.

"Àwọn tó kú ńkọ́?"

"Mo mọ orúkọ wọn. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán."

Ọkùnrin náà mi orí, díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbá orí àbúrò mi mú.

"Ó dáa. Ẹ tẹ orí ba, mi ò tíì dé ẹ̀yìn."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó gẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó tún un gẹ̀. N kò wo aago.